Rótìmí Williams

Olóyè Frederick Rótìmí Aládé Williams (ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1920 – ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2005) jẹ́ amòfin àti olóṣèlú ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà àti Mínísítà Ètò Ìdájọ́ fún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn láti ọdún 1957, ọdún tí ẹkùn náà gba àṣẹ láti máa ṣe ìjọba ara rẹ̀. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì àkọ́kọ́ tó gba oyè Q.C., ó sì tún wà lára àwọn méjì àkọ́kọ́ tó gba oyè SAN. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó kọ àbá ìwé-òfin orílẹ̀-èdè tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 1979. Àwọn ènìyàn máa ń pè é ní Timi the Law.

Ìgbésí ayé Williams jẹ mọ́ ìbéèrè kan tí kò tíì tán nínú ìṣèlú Nàìjíríà títí di òní: ẹgbẹ́ òṣèlú tó gbé agbẹjọ́rò àgbà ìjọba dé ipò ni ó ń ṣiṣẹ́ fún ni, àbí òfin? Ó jókòó sórí àga náà fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà ó lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ayé rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́, níbi tí ó ti máa ń dojú kọ àwọn tó jókòó sórí àga kan náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

A bí Williams sínú ìdílé amòfin. Bàbá rẹ̀, Thomas Adékúnlé Adémọ́lá Williams, jẹ́ agbẹjọ́rò. Ó kàwé ní CMS Grammar School ní ìlú Èkó, kí ó tó kọjá sí Ìlú Ọba, níbi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Selwyn College ti Yunifásítì Cambridge. Ó gba oyè rẹ̀ ní ọdún 1942. Ní ọdún 1943, wọ́n gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ní Gray's Inn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún náà ni ó padà sílé láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà náà, àwọn amòfin tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà kò pọ̀, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ amòfin ìjọba sì wà. Ẹni tó bá fẹ́ bá ìjọba amúnisìn ṣe ẹjọ́ ní láti wá agbẹjọ́rò aládàáni. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ìgbà náà di olóṣèlú, nítorí pé iṣẹ́ wọn gan-an ni ó kọ́kọ́ mú wọn dojú kọ ìjọba.

Iṣẹ́ amòfin àti wíwọlé sínú òṣèlú

Williams jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement, ó sì di akọ̀wé àgbà rẹ̀ nígbà tó yá. Ní ọdún 1948, òun, Bọ́dé Thomas àti Rẹ̀mílẹ́kún Fání-Káyọ̀dé para pọ̀ dá ọ́fíìsì amòfin tí wọ́n pè ní Thomas, Williams and Kayode sílẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ́fíìsì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí àwọn amòfin ti jọ ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí alájọṣepọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló di olóṣèlú. Thomas di igbákejì olórí ẹgbẹ́ Action Group, ó sì kú ní ọdún 1953 nígbà tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Fání-Káyọ̀dé kúrò nínú ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó sì di igbákejì Pírẹ́míà fún Akíntọ́lá, ẹni tí ìyapa òun àti Awólọ́wọ̀ dá Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn rú.

Ní ọdún 1951 ni Action Group, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, fara hàn ní gbangba ní ìlú Ọ̀wọ̀. Williams ni olùdámọ̀ràn ẹgbẹ́ náà lórí ọ̀rọ̀ òfin. Ẹgbẹ́ náà gba ìṣàkóso Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1951. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ṣíwájú ìjọba náà, ó sì di Pírẹ́míà ní ọdún 1954. Williams wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba ti ẹkùn náà, èyí tó fún un ní àyè láti di mínísítà.

Agbẹjọ́rò Àgbà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1957, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àti Ẹkùn Ìlà-Oòrùn gba àṣẹ láti máa ṣàkóso ara wọn lórí ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ṣáájú àsìkò yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ni ẹni tó ń gba ìjọba ẹkùn nímọ̀ràn lórí òfin, kì í sì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Nígbà tí Williams di Agbẹjọ́rò Àgbà àti Mínísítà Ètò Ìdájọ́, ipò náà bọ́ sọ́wọ́ olóṣèlú tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọba pẹ̀lú Pírẹ́míà. Láti ìgbà náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá iṣẹ́ méjì ṣe: ó jẹ́ amòfin fún gbogbo ará ẹkùn, ó sì tún jẹ́ amòfin fún ìjọba tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀.

Agbówà, ìlú tó wà láàrin Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, wà lábẹ́ ọ́fíìsì yìí. Ní ọdún 1954 ni wọ́n yọ ìlú Èkó kúrò lára Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n sì sọ ọ́ di olú-ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Ìkẹjà àti Àgbádárìgì kò bá a lọ. Ìbàdàn ni òfin tó ń darí ìjọba ìbílẹ̀, oyè jíjẹ àti ilẹ̀ ní Agbówà ti ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni ìlú náà sún mọ́ jù. Báyìí ló rí títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, nígbà tí ìjọba ológun dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ tí ó sì da àwọn ìlú wọ̀nyí pọ̀ mọ́ Èkó.

Iṣẹ́ tó pọ̀ ni wọ́n ṣe lórí òfin ní ẹkùn náà ní àsìkò yìí. Ní ọdún 1957, wọ́n ṣe òfin tuntun lórí ìjọba ìbílẹ̀ àti òmíràn lórí ọ̀rọ̀ oyè jíjẹ. Òfin oyè náà ní kí wọ́n kọ àṣà tí ìlú fi ń yan ọba sílẹ̀, kí wọ́n sì fi orúkọ sí i ní ọ́fíìsì ìjọba, kí ìjà má baà máa ṣẹlẹ̀ lórí ẹni tí ó tọ́ sí oyè. Ó so àṣà ìlú mọ́ àkọsílẹ̀, ó sì tún fún ìjọba ní agbára láti fọwọ́ sí yíyan ọba tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá ni ẹjọ́ oyè wọn ṣì ń dá lórí àwọn àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún dáwọ́ lé àtúnṣe àwọn òfin tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó tó di àsìkò náà, àwọn òfin àtijọ́ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ọdún 1900 ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ẹkùn náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin ọdún 1959 kan fòpin sí lílò wọn ní tààrà, wọ́n sì fi òfin tí ilé ìgbìmọ̀ tiwọn ṣe rọ́pò wọn. Ọ̀kan lára wọn ni Property and Conveyancing Law ti ọdún 1959, tó dá lórí bí a ṣe ń ta ilẹ̀ àti ilé àti bí a ṣe ń kọ ìwé rẹ̀. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nìkan ló ṣe irú àtúnṣe yìí, àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde láti inú rẹ̀ sì jogún àwọn òfin náà.

Ní ọdún 1958, Williams àti H. O. Davies di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè Q.C. Ní ọdún 1959, ó di ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Amòfin Nàìjíríà, ó sì wà nípò náà títí di ọdún 1968.

Rògbòdìyàn ọdún 1962

Nígbà tí Awólọ́wọ̀ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1959, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá di Pírẹ́míà. Kò pẹ́ tí èdèkòyédè fi bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, Gómìnà Adésọjí Adérẹ̀mí yọ Akíntọ́lá nípò, lẹ́yìn tí àwọn tó pọ̀ jù nínú ilé ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Ó fi Dáwódù Adégbẹ́nró rọ́pò rẹ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 25 oṣù náà. Ní ọjọ́ 29, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní ẹkùn náà, Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí sì di alábòójútó rẹ̀.

Ìjọba pàjáwìrì náà dé gbogbo ẹkùn, títí kan Ìkòròdú, Agbówà àti Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n kò kan ìlú Èkó tí omi ọ̀sà nìkan pín wọn níyà. Alábòójútó ní agbára láti sé ẹnikẹ́ni mọ́ ibì kan láìsí ìdájọ́. Ọ̀pọ̀ olórí Action Group ni wọ́n fi àṣẹ yìí dè, Williams sì wà lára wọn.

Ohun tí Williams ṣe ni pé ó pe Májẹ̀kódùnmí lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní òun kò lè yẹ ìdí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi kéde ìjọba pàjáwìrì wò, nítorí pé ilé ìgbìmọ̀ ló ni agbára náà. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ tún ní àṣẹ tí ó dé Williams fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò bá ìwé-òfin mu, nítorí pé ìjọba kò fi hàn pé ó yẹ kí wọ́n gba òmìnira ẹni náà lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà ń ka ẹjọ́ Williams àti Majekodunmi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, bí ìjọba pàjáwìrì tilẹ̀ bá òfin mu, ìyẹn kò sọ gbogbo ohun tí aláṣẹ rẹ̀ bá ṣe di ohun tó bófin mu.

Ẹjọ́ lórí ipò Pírẹ́míà fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Akíntọ́lá láre ní oṣù Keje ọdún 1962, ó sì padà sípò ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 1963. Nígbà tí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá Adégbẹ́nró láre ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963, ilé ìgbìmọ̀ tó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ Akíntọ́lá tún ìwé-òfin ẹkùn ṣe, wọ́n sì mú kí àtúnṣe náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Báyìí ni Adégbẹ́nró ṣe jàre ẹjọ́ tí kò sì rí ipò náà gbà.

Ẹjọ́ Lákànmí

Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba oṣù Kínní ọdún 1966, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi fi Williams ṣe olórí ìgbìmọ̀ kan tó máa yẹ ìwé-òfin Nàìjíríà wò. Ìdìtẹ̀gbàjọba kejì ní oṣù Keje ọdún náà fòpin sí ètò yẹn, Williams sì tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ agbẹjọ́rò rẹ̀.

Ẹjọ́ tó mú orúkọ rẹ̀ dún jù lábẹ́ ìjọba ológun ni ti Lákànmí. Ìjọba ológun ti Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin kan ní ọdún 1967 láti ṣèwádìí ohun ìní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn mìíràn. Wọ́n fi òfin náà gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá E. O. Lákànmí àti Kíkẹ́lọmọ Ọlá. Nígbà tí àwọn méjèèjì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́, ìjọba ológun àpapọ̀ ṣe òfin mìíràn ní ọdún 1968 tó fọwọ́ sí gbogbo ohun tí wọ́n ti gbà, tó sì ní ilé-ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ dá sí i. Williams ló ṣojú àwọn olùpẹjọ́. Agbẹjọ́rò Àgbà fún Ìwọ̀-Oòrùn, ipò tí òun fúnra rẹ̀ ti wà rí, ni wọ́n pè lẹ́jọ́.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1970, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ lábẹ́ Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá dá Lákànmí láre. Ilé-ẹjọ́ ní òfin tó dárúkọ àwọn ènìyàn kan pàtó, tó sì gba dúkìá wọn, kì í ṣe òfin mọ́, ìdájọ́ ni, ìdájọ́ sì jẹ́ iṣẹ́ ilé-ẹjọ́. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí ìjọba ológun fi gbé Decree 28 ti ọdún 1970 jáde, tó sọ ìdájọ́ náà di asán. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ òfin kò ṣíwọ́ títọ́ka sí i nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ààlà láàrin aṣòfin àti adájọ́.

Ìgbìmọ̀ tó kọ ìwé-òfin ọdún 1979

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1975, Williams àti Nabo Graham-Douglas di ẹni àkọ́kọ́ tó gba oyè SAN, èyí tó rọ́pò oyè Q.C. ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Ọ̀gágun Murtala Muhammed fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò kọ àbá ìwé-òfin fún ìjọba alágbádá. Ènìyàn 50 ni wọ́n yàn. Awólọ́wọ̀ kọ̀ láti kópa, ó wá ku 49.

Ìgbìmọ̀ náà parí iṣẹ́ ní ọdún 1976. Wọ́n dábàá pé kí Nàìjíríà fi ètò ìjọba ti Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, kí ó ní Ààrẹ àti Gómìnà tí àwọn ará ìlú yóò dìbò yàn ní tààrà. Méjì nínú wọn, Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà àti Yusufu Bala Usman, kò fara mọ́ àbá náà, wọ́n sì kọ ìròyìn tiwọn lọ́tọ̀. Àpérò mìíràn tí Adájọ́ Udo Udoma darí yẹ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà wò, ìwé-òfin tuntun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1979.

Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ àti ẹgbẹ́ òṣèlú

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni Nàìjíríà ti wo àwòkọ́ṣe ètò ìjọba Ààrẹ, ṣùgbọ́n kò gba ohun gbogbo tó wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ 43 nínú 50 ló ń dìbò yan agbẹjọ́rò àgbà wọn. Nítorí náà, gómìnà lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan kí agbẹjọ́rò àgbà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kejì, gómìnà kò sì lè yọ ọ́. Ní Nàìjíríà, gómìnà ló ń yan agbẹjọ́rò àgbà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ló sì ń fọwọ́ sí i. Kọmíṣọ́nnà ni bíi ti àwọn yòókù, ẹni tó yàn án sì lè dá a dúró.

Ìwé-òfin ọdún 1999 náà kò yí èyí padà. Abala 195 ní agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jẹ́ amòfin fún ọdún 10 ó kéré tán. Abala 211 fún un ní agbára láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn, láti gba ẹjọ́ tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ ṣe, àti láti dá ẹjọ́ dúró kí ìdájọ́ tó wáyé. Abala kan náà ní kí ó ro ànfààní gbogbo ará ìlú àti òdodo kí ó tó lo agbára náà. Èyí fi hàn pé ìwé-òfin mọ ewu tó wà nínú ipò náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí-ọkàn ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni ó fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́.

Níbi tí ipò náà ti ní ipa jùlọ ni ìgbà tí ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso ìpínlẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìjọba àpapọ̀. Ní ọdún 1981, Ìpínlẹ̀ Bendel, tí ẹgbẹ́ UPN ń ṣàkóso, lo agbẹjọ́rò àgbà rẹ̀ láti pe ìjọba àpapọ̀ ti ẹgbẹ́ NPN lẹ́jọ́ lórí òfin pínpín owó orílẹ̀-èdè. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé òfin náà nítorí pé wọn kò gbà á kọjá bí ìwé-òfin ṣe là á kalẹ̀.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì kan Agbówà. Ìjọba Bọ́lá Tinúbú ti ẹgbẹ́ AD dá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀, tí iye wọn fi di 57 láti orí 20. Ọ̀kan lára wọn ni Ìkòsì-Èjìnrìn, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Agbówà. Ìjọba àpapọ̀ ti Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ti ẹgbẹ́ PDP, dá owó ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà dúró. Agbẹjọ́rò Àgbà Èkó, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2004, ilé-ẹjọ́ ní Ààrẹ kò ní agbára láti dá owó náà dúró, ṣùgbọ́n ó tún ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun náà kò tíì pé títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe ojúṣe tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó sọ wọ́n di ìjọba ìdàgbàsókè agbègbè ìbílẹ̀, orúkọ yẹn sì ni Ìkòsì-Èjìnrìn ń jẹ́ títí di òní. Ọdún 2007, lẹ́yìn tí Ọbásanjọ́ ti kúrò nípò, ni owó náà tó jáde.

Ìgbẹ̀yìn ayé àti ogún rẹ̀

Williams kò fi iṣẹ́ amòfin sílẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó. Ó ju 60 ọdún lọ tí ó fi ṣe é. Ó tóbi lára, nígbà tó sì dàgbà, àwọn ilé-ẹjọ́ gbà á láàyè láti máa jókòó sọ̀rọ̀ dípò kí ó dìde gẹ́gẹ́ bí àṣà. Lára àwọn ọmọ rẹ̀ náà di amòfin.

Ó kú ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2005, ní ẹni ọdún 84. Ó ti di ọdún 1960 gan-an tí ó ti kúrò nípò agbẹjọ́rò àgbà, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Àwọn òfin ilẹ̀ àti oyè tí wọ́n ṣe ní àsìkò rẹ̀ pẹ́ ju Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ lọ, wọ́n sì pẹ́ ju Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ẹjọ́ méjì tí ó fi dojú kọ ìjọba, ti ọdún 1962 àti ti ọdún 1970, ni àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń gbé lọ síwájú adájọ́ nígbà tí aláṣẹ bá kọjá ààyè rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù ló wà lórí oyè.